Bí Tábìlì Eré Ìtàn Ṣe Bọ́ sí Orí Kọ̀ǹpútà

Kò sí ìran ènìyàn kan tí kò ní eré ìdárayá tirẹ̀. Bí iṣẹ́ òòjọ́ bá ti parí, tí oúnjẹ alẹ́ sì ti wọ ikùn, àwọn kan a tẹ́ ọpọ́n ayò, àwọn mìíràn a jókòó yí apàlọ́ ká. Ayò ní ọpọ́n, ó ní ọmọ, ó sì ní òfin. Àlọ́ kò ní ju ẹnu tí ń pa á, etí tí ń gbọ́ ọ, àti ọkàn tí ń ya àwòrán ohun tí etí gbọ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí eré kan tí ó da méjèèjì pọ̀, tí àwọn tí ń gbọ́ ìtàn tún jẹ́ ẹ̀dá inú ìtàn náà fúnra wọn, tí a sì ń fi òfin eré mọ ohun tí yóò dé bá wọn. Irú eré bẹ́ẹ̀ ni ó jáde ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1974, tí a pe orúkọ rẹ̀ ní Dungeons & Dragons.

Inú yàrá kan ni a dá eré yìí sílẹ̀ fún, fún àwọn tí ó lè na ọwọ́ kan ara wọn. Lónìí, àwọn tí òkun pín níyà ń ṣe é pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, lójú ohun tí a lè pè ní tábìlì orí ẹ̀rọ. Bí ìyípadà náà ṣe ṣẹlẹ̀ ni a gbé yẹ̀ wò níhìn-ín. Ìbéèrè kan sì wà tí ó ń tẹ̀ lé ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ta ni ó yẹ kí ó máa pa ìtàn, ènìyàn ni tàbí ẹ̀rọ?

Bí a ti ń ṣe eré náà

Ẹni bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ó sábà máa ń jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni olùdarí. Òun ni ó mọ ìlú tí ìtàn ti ń ṣẹlẹ̀, ẹranko tí ó wà nínú ihò, àti ọ̀tá tí ó lúgọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Olúkúlùkù àwọn yòókù ní ẹ̀dá-ìtàn kan tí ó ń ṣojú fún: ọ̀kan lè jẹ́ jagunjagun, èkejì lè jẹ́ onídán, ẹ̀kẹta lè jẹ́ olè. Olùdarí yóò ní, “Ẹ ti dé etí odò, afárá sì ti já. Kí ni ẹ ó ṣe?” Ọ̀kan yóò ní òun yóò fo odò náà. Bóyá ó fò ó já, tàbí ó bọ́ sínú omi, dáìsì ni yóò sọ.

Dáìsì yìí kì í ṣe olójú mẹ́fà tí a fi ń ta lúdò nìkan. Ó ní èyí tí ó ní ojú 4, ó ní olójú 8, olójú 12 àti olójú 20. Bí iye tí ó jáde bá tó, ẹ̀dá-ìtàn náà ti sọdá. Bí kò bá tó, olùdarí ni yóò sọ ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Kì í ṣe pé ẹnì kan ń borí ẹnì kejì bí a ti ń ṣe nínú ayò. Ìtàn kan ni gbogbo wọn jọ ń pa, ó sì lè gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, àní ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó tó parí.

Ibi tí eré náà ti ṣẹ̀ wá

Eré yìí kò ṣàdédé yọ. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Ní ilẹ̀ Prussia, tí ó padà di apá kan ilẹ̀ Jámánì, Georg Leopold von Reisswitz gbé eré ogun kan kalẹ̀ ní 1812. Ọmọ rẹ̀, tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun, tún eré náà ṣe, ó sì tẹ òfin rẹ̀ jáde ní 1824. Orí àwòrán-ilẹ̀ ni a ti ń ṣe é. Ègé kéékèèké aláwọ̀ pupa àti aláwọ̀ búlúù ni ó dúró fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjèèjì.

Ẹnì kan wà láàárín wọn tí ó jẹ́ onídàájọ́. Àwọn olórí ogun a máa pàṣẹ fún ọmọ ogun wọn nípasẹ̀ rẹ̀. Òun nìkan ni ó mọ ibi tí gbogbo wọn wà, kì í sì í fi ọ̀tá han ẹnikẹ́ni àfi bí ọ̀tá náà bá ti dé ibi tí ojú lè rí i. Ní 1876, Julius von Verdy du Vernois tẹ ìwé kan jáde nípa eré yìí. Ó fẹ́ kí a dín òfin gígùn àti dáìsì kù, kí onídàájọ́ máa fi ìrírí ara rẹ̀ pinnu ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ohun méjì inú eré ogun yìí ni yóò tún fara hàn níwájú: àwòrán-ilẹ̀ tí a bo apá kan rẹ̀, àti ènìyàn kan tí gbogbo ẹgbẹ́ fọkàn tán.

Ní nǹkan bíi 1969, David Wesely, ní agbègbè Minneapolis àti St. Paul ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ṣètò eré ogun kan tí ó fi ìlú àròsọ kan tí a ń pè ní Braunstein ṣe ibùdó rẹ̀. Dípò kí olùkópa kan máa darí odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun, ó fi àwọn kan sí ipò ènìyàn ẹyọ kan, bí olórí ìlú tàbí olórí yunifásítì. Dave Arneson, ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá a ṣeré, mú ìlànà yìí lọ sí ilẹ̀ àròsọ tirẹ̀ tí ó pè ní Blackmoor, láàárín 1970 sí 1971. Ní Lake Geneva, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, Gary Gygax àti Jeff Perren ti kọ òfin eré ogun tí ń jẹ́ Chainmail, tí ó jáde ní 1971. Arneson àti Gygax pa ọgbọ́n wọn pọ̀. Ní 1974, ilé-iṣẹ́ TSR, tí Gygax àti Don Kaye dá sílẹ̀ ní 1973, tẹ Dungeons & Dragons jáde: ìwé kéékèèké mẹ́ta nínú àpótí kan. Ẹ̀dà 1,000 péré ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀.

Ọ̀nà méjì tí ó yà

Kò pẹ́ rárá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi gbé eré yìí dé ìdí kọ̀ǹpútà. Ní 1975, ní Yunifásítì Illinois, àwọn kan ti kọ eré tí ó fara jọ ọ́ sórí ẹ̀rọ ìkọ́ni tí ń jẹ́ PLATO. Ní 1978, Roy Trubshaw bẹ̀rẹ̀ eré tí ń jẹ́ MUD ní Yunifásítì Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Richard Bartle sì bá a mú un gòkè. Nínú MUD, ọ̀pọ̀ ènìyàn lè wà nínú ayé àròsọ kan ní àkókò kan náà, kí olúkúlùkù sì jókòó sí ìdí ẹ̀rọ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun ńlá kan yí padà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ni ó di olùdarí. Ohun tí wọ́n bá kọ sínú rẹ̀ nìkan ni ó mọ̀. Bí olùkópa bá ní òun fẹ́ bẹ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé ọmọ òun ń ṣàìsàn, tí ẹni tí ó kọ eré náà kò sì ronú kan irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kò ní ohun tí yóò dáhùn. Olùdarí tí ó jẹ́ ènìyàn yóò rẹ́rìn-ín, yóò ronú díẹ̀, ẹ̀ṣọ́ náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè orúkọ ọmọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Àwọn kan gba ọ̀nà tí ẹ̀rọ ti ń pa ìtàn, níbi tí àwọn eré kọ̀ǹpútà tí ó lókìkí kárí ayé ti jáde. Àwọn kan kò fẹ́ fi olùdarí wọn sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí wọn yóò ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Ìdí tí wọ́n fi ń wá a kò ṣòro láti mọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ tí ó jọ ń ṣeré ní ilé ẹ̀kọ́ gboyè, iṣẹ́ gbé ọ̀kan lọ sí ìlà-oòrùn, ìgbéyàwó gbé òmíràn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ìtàn tí wọ́n ti pa fún ọdún mẹ́ta dúró sí agbedeméjì, kò sì sí ẹni tí ó mọ bí ìbá ti parí. Àwọn kan ń fi lẹ́tà ṣe é nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìjà tí a lè parí ní alẹ́ kan a wá gba oṣù mélòó kan. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, wọ́n bọ́ sórí ímeèlì, àti sórí IRC, ètò ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ tí Jarkko Oikarinen ṣe ní ilẹ̀ Finland ní 1988.

Níbẹ̀ ni ìṣòro dáìsì ti yọjú. Nínú yàrá kan, ojú gbogbo ènìyàn ni dáìsì ti ń yí. Bí ẹnì kan bá da dáìsì tirẹ̀ ní Texas, tí ó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ pé 20 ni ó jáde, ta ni yóò jẹ́rìí sí i? Ohun tí wọ́n fi yanjú rẹ̀ ni ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan tí ń bá wọn da dáìsì ní gbangba, tí gbogbo ẹgbẹ́ sì ń rí iye tí ó jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n ó fi ipò tí ó tọ́ sí ẹ̀rọ hàn. Ẹ̀rọ jẹ́ ẹlẹ́rìí tí kò ṣègbè. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìtàn.

Tábìlì orí ẹ̀rọ

Ní 2004, ètò kan tí ń jẹ́ Fantasy Grounds jáde láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ SmiteWorks, tí a dá sílẹ̀ ní Finland bákan náà. Ó kó dáìsì, àwòrán-ilẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀dá-ìtàn, àti àyè ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ sí ojú kan. Ọdún kan ṣáájú rẹ̀ ni Skype ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa gbọ́ ohùn ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí tí a fi pa á tì ní 2025. Ohùn wá pàdé àwòrán. Wàhálà tí ó kù ni pé kọ̀ǹpútà olùdarí fúnra rẹ̀ ni àwọn yòókù ní láti wọlé sí, ó sì ní láti mọ bí a ti ń ṣí ọ̀nà fún wọn láti inú ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lè fi ìrọ̀lẹ́ odindi kan jà pẹ̀lú rẹ̀, kí eré má sì bẹ̀rẹ̀.

Roll20 ni ó mú ìnira náà kúrò. Àwọn mẹ́ta tí ó jọ gbé yàrá nígbà tí wọ́n wà ní yunifásítì, Riley Dutton, Nolan T. Jones àti Richard Zayas, ni ó ṣe é, nítorí wọ́n fẹ́ kí eré tí àwọn jọ ń ṣe má parí nígbà tí wọ́n tú ká. Ní 2012, wọ́n béèrè 5,000 dọ́là lọ́wọ́ ará ìlú lórí Kickstarter. Ohun tí wọ́n rí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40,000 dọ́là. Roll20 kò nílò kí a gbé ohunkóhun sórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó bá ti lè ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì lè jókòó sí tábìlì náà, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ kò le. Olùdarí a gbé àwòrán-ilẹ̀ kan kalẹ̀, àwòrán náà a sì wà ní ipele-ipele. Ipele ìsàlẹ̀ ni ilẹ̀ àti ilé. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni àmì tí ó dúró fún ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan. Ìkẹta jẹ́ ti olùdarí nìkan, níbi tí ó ń kó ọ̀tá àti ìdẹkùn pamọ́ sí. Òkùnkùn a bo ibi tí wọn kò tíì dé. Olùdarí lè fa ìlà sí ibi tí ògiri wà, kí ẹni tí ó gbé àtùpà má lè rí ju ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé lọ. Ohun tí onídàájọ́ ilẹ̀ Prussia ń ṣe ní 1824 ni èyí: ọ̀tá kì í hàn àfi bí ojú bá lè rí i.

Ohun tí a rí àti ohun tí ó sọnù

Ní oṣù Kẹta 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn Kòrónà ti di àjàkálẹ̀ káàkiri ayé. Òfin kónílé-ó-gbélé dé, kò sì sí ẹgbẹ́ tí ó lè jókòó sí yàrá kan mọ́. Tábìlì orí ẹ̀rọ, tí ó ti jẹ́ àrọ́pò fún àwọn tí ó jìnnà, di tábìlì kan ṣoṣo tí ó kù, àní fún àwọn tí ó ń gbé ní òpópónà kan náà. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún náà ni Foundry, iṣẹ́ ọwọ́ Andrew Clayton, jáde. Olùdarí nìkan ni yóò rà á, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò sì san owó rẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà tí òun fúnra rẹ̀ bá yàn ni yóò sì gbé e sí.

Àǹfààní tábìlì yìí pọ̀. Abiyamọ tí kò lè fi ọmọ sílẹ̀ jáde ní alẹ́ lè ṣeré nígbà tí ọmọ bá sùn. Ẹni tí àìlera kò jẹ́ kí ó gun àtẹ̀gùn ilé ọ̀rẹ́ wà ní ipò kan náà pẹ̀lú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹni tí ó ń gbé ní abúlé tí kò ti sí ẹlòmíràn tí ó mọ eré náà lè rí ẹgbẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Olùdarí tí ó jókòó nínú yàrá máa ń mọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá sú ẹnì kan, ó sì máa ń yí ìtàn padà kí ẹni náà tó sọ̀rọ̀. Lórí ẹ̀rọ, ìdákẹ́jẹ́ nìkan ni ó máa ń bá pàdé, kò sì mọ̀ bóyá ìrònú ni, bóyá íntánẹ́ẹ̀tì ni ó já, tàbí bóyá ẹni náà ti dìde lọ síbi oúnjẹ. Ewu mìíràn tún wà tí ó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwòrán bá ti wà lójú, ẹnu a máa dákẹ́. Olùkópa tí ìbá ti ṣàlàyé bí òun ṣe yọ́ kọjá lẹ́yìn ẹ̀ṣọ́ a kàn fa àmì rẹ̀ láti ojú kan sí òmíràn. Olùdarí tí ìbá ti fi ọ̀rọ̀ mẹ́wàá kọ́ ilé ọba a lo wákàtí mẹ́ta láti fa ìlà ògiri. Bí àwọn olùkópa bá sì gba ọ̀nà tí kò yà sílẹ̀, a máa dà á láàmú. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ olùdarí tí ó mọ iṣẹ́ fi máa ń gbé àwòrán kúrò lójú nígbà tí kò bá sí ìjà, kí ẹgbẹ́ lè padà sí ẹnu.

Àríyànjiyàn ọdún 2023

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni tábìlì wá di ariwo ní oṣù Kìn-ín-ní 2023. Wizards of the Coast ni ó ra TSR ní 1997. Hasbro sì ra Wizards ní 1999. Ní 2000, Wizards ti gbé ìwé àṣẹ kan jáde tí ó fún ẹnikẹ́ni láyè láti lo ìpìlẹ̀ òfin eré náà nínú iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi àṣẹ yìí dá òwò sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, àwọn ènìyàn rí àkọsílẹ̀ àṣẹ tuntun kan tí a kò tíì kéde. Ó fẹ́ fagi lé ti àtijọ́, ó sì fẹ́ máa gba ìdá kan nínú mẹ́rin lára owó tí olùtẹ̀wé bá pa kọjá 750,000 dọ́là lọ́dún.

Ìbínú bẹ́ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà tún gbé àbá mìíràn jáde ní ọjọ́ 19 oṣù náà, àbá yìí sì dárúkọ tábìlì orí ẹ̀rọ ní pàtó. Ó ní ẹni tí ó bá ṣe tábìlì tí ó jọ bí a ti ń jókòó nínú yàrá kò ní ìṣòro; ṣùgbọ́n bí ó bá ya ọfà idán tí ń fò lójú kọ̀ǹpútà láti ọwọ́ onídán dé ara ọ̀tá, ó ti di eré kọ̀ǹpútà, àṣẹ kò sì bò ó. Ohun tí àwọn eléré ti ń jiyàn lé lórí láti ìgbà MUD wá di ọ̀rọ̀ òfin. Àwọn tí ó ju 15,000 lọ ni ó fèsì sí àbá náà, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni kò sì fara mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 27, Wizards yí ohùn padà: ó fi àṣẹ ti 2000 sílẹ̀ bí ó ti wà, ó sì gbé ìpìlẹ̀ òfin eré náà sábẹ́ àṣẹ Creative Commons, èyí tí kò ṣeé gbà padà.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ní àkókò kan náà ni ilé-iṣẹ́ yìí ń kọ́ tábìlì tirẹ̀, tí ó kún fún ère tí ń rìn àti iná tí ń jó. Ó ti gbìyànjú irú rẹ̀ rí: ó ṣèlérí tábìlì orí ẹ̀rọ ní 2008, ó dán an wò láti 2010, ó sì pa á tì ní 2012, ọdún tí Roll20 jáde. Èyí tuntun, tí ń jẹ́ Sigil, jáde ní oṣù Kejì 2025. Kí oṣù Kẹta tó parí, wọ́n ti dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń ṣe é dúró lẹ́nu iṣẹ́. Àwòrán-ilẹ̀ pẹlẹbẹ tí ilé-iṣẹ́ kan náà gbé jáde fún ìdánwò ní 2023, tí kò ní ju àmì àti òkùnkùn lọ, kò lẹ́wà tó o, ṣùgbọ́n òun ni àwọn ẹgbẹ́ rí lò.

Ìparí ọ̀rọ̀

Àwọn àgbà ní aṣọ àyálò kì í yẹni; ohun ẹni ní í bá ni mu. Ẹgbẹ́ tí ó fi ìtàn ọdún mẹ́wàá pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà yẹ kí ó ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí ilé-iṣẹ́ lè yí òfin padà, ó sì lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní ti ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀, àwọn eléré fúnra wọn ti ń dáhùn rẹ̀ láti bí àádọ́ta ọdún. Wọ́n gba ẹ̀rọ láyè láti da dáìsì, láti tẹ́ àwòrán, láti gbé ohùn kọjá òkun. Wọn kò gbé ipò olùdarí fún un. Ọpọ́n ni ẹ̀rọ. Ọpọ́n kì í sì í ta ayò fúnra rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan bá ṣì wà tí ó lè béèrè pé, “Kí ni ẹ ó ṣe?”, tí àwọn mìíràn sì wà tí yóò ronú kí wọ́n tó dáhùn, eré náà kò tíì kúrò nínú yàrá tí a ti bí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú márùn-ún ni àwọn tí ń ṣe é jókòó sí.